Bí Àyánbùnmi Ṣe Di Ọlọ́wọ́ Òsì

Ẹni tí ìtàn dá lé lórí nínú eré kàtúùnù tí mo ń ṣe fún iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àyánbùnmi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bí sí agboolé onílù ní ìlú Ọ̀yọ́. Mo mọ agboolé rẹ̀ kí n tó mọ ìwà rẹ̀. Ọjọ́ tí mo pinnu pé òsì ni ọwọ́ tí ó ń lò ni ìtàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìṣòro tí ojú lè rí ni mo ń wá. Ẹni tí ń kọ ìwé lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ pé inú ọmọ kan bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ya kàtúùnù gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ara ọmọ náà yóò ṣe kí ìbànújẹ́ náà tó hàn. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ òsì kò nílò àlàyé: bí ó bá nawọ́ gba owó lọ́wọ́ àgbà, bí ó bá ń bu òkèlè, bí ó bá juwọ́ sí ènìyàn, ẹnìkan yóò wà nítòsí tí yóò kígbe pé kí ó lo ọ̀tún. Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ eré náà nìyẹn. Àlejò kan dúró lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, ó ń bèèrè ọ̀nà agboolé àwọn onílù, Àyánbùnmi sì na òsì síwájú láìronú. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò wo ibẹ̀ tí kò ní rántí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìyá arúgbó kan tí ń tajà gbá ọwọ́ náà wálẹ̀, ọmọ náà sì fi í pamọ́ sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, síbẹ̀ a ti mọ irú ayé tí ọmọ yìí ń gbé.

Ìyáàlù, tí í ṣe àgbà nínú àwọn ìlù dùndún, fúnra rẹ̀ ni ó fún mi ní ìyókù. Ẹni tí ó bá ti fara balẹ̀ wo onídùndún yóò rí i pé èjìká òsì ni ó ń gbé ìlù kọ́, pé ọ̀tún ni ó fi ń mú kọ̀ǹgọ́, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń lu ìlù, àti pé òsì ni ó wà lórí ọ̀sán, ìyẹn àwọn okùn awọ tí ó yí ìlù ká, tí ó ń fún un, tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Ọ̀tún tí ń lu awọ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, ṣùgbọ́n òsì ni ó ń pín ohùn, nítorí pé bí a bá fún ọ̀sán, awọ ìlù á le, ohùn á sì ròkè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á lọ sílẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n ti ń gbá mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ yìí ti mọ oúnjẹ jẹ gan-an ni ọwọ́ tí ń mú kí ìlù sọ̀rọ̀. (Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣì ń rọ̀ mí pé kí n fi iwin kan sí i, wọ́n ní kàtúùnù tí kò ní ìjà kì í tà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.)

Bàbá àgbà rẹ̀ ni mo pẹ́ lé lórí jù. Ó rọrùn láti yà á ní òǹrorò tí ń fi pàṣán lé ọmọ kúrò nídìí ìlù, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ń ba bàbá náà lẹ́rù fún àwọn. Ohun tí ń bà á lẹ́rù ni ọjọ́ ogbó. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń gan, kò lè fún ọ̀sán dé ohùn òkè mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọmọ náà ní tirẹ̀ lè fún ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọ̀tún mú kọ̀ǹgọ́, ìlù á máa kólòlò bí ẹni tí òtútù mú. Ẹni méjì ni mo ní báyìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ kan tí ó dára, tí ó sì ń fi ìkejì pamọ́. Ní ìparí eré, wọ́n jókòó sórí ẹní kan náà, ìlù wà lórí itan bàbá, bàbá ń fi ọ̀tún lu awọ, ọmọ sì fi òsì di ọ̀sán mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ìlù sọ níbẹ̀ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. N kò gbà. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí òǹwòran ti fi ojú ara rẹ̀ rí ni yóò tún máa kà sí i létí. Orúkọ ọmọ náà ni ìlù yóò pè. Mo yan Àyánbùnmi láàárín àwọn orúkọ onílù nítorí pé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí èdè Yorùbá ní wà nínú rẹ̀: ọwọ́ yóò dẹ̀, yóò fún, yóò tún dẹ̀, lẹ́yìn náà yóò fún díẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá yóò rí i pé ọwọ́ náà ń sọ nǹkan.

Àwòrán 24 ni fíìmù sábà máa ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwa tí a ń fi ọwọ́ yà á máa ń ya 12, tí a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ eré ìṣẹ́jú méjì ṣì jẹ́ àwòrán 1,440. Iye yìí ní ọ̀rọ̀ láti sọ nínú ìtàn. Òun ni ó lé ìyá ọmọ náà àti àwọn ará agboolé kúrò nínú eré, òun ni ó sọ aṣọ Àyánbùnmi di aláwọ̀ kan tí kò ní ọnà, tí ọ̀sán tí ó yí ìlù ká fi di ìlà mélòó kan. Ṣaworo, ìyẹn àwọn agogo wẹ́wẹ́ tí a so mọ́ etí ìlù, ni n kò yọ, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ojú mọ̀ pé ìyáàlù ni, kì í ṣe gángan tí ó kéré sí i. Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún, ni mo ń lò, nítorí pé a lè fi irinṣẹ́ Grease Pencil inú rẹ̀ ya àwòrán bí ẹni ń yà á sórí ìwé. Bí mo bá parí ìdúró kan, mo máa ń kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú láti wò ó bóyá a ṣì lè dá ọwọ́ òsì mọ̀ láìrí ojú ọmọ náà.

Ohùn ìlù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí n tó ya ìran tí ó kẹ́yìn, torí àwòrán ni yóò tẹ̀lé ohùn. Nígbà tí mo bá lọ gbà á sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá onílù kan ní Ọ̀yọ́, apá òsì wọn ni n óò gbé kámẹ́rà sí, kí ọ̀tún má baà dí mi lójú, n óò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ náà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó pè é bí wọ́n ṣe ń pè é lóde.