Gọ́ọ̀fù Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Dì: Fún Ẹ̀yin Tó Ń Gbá A Ní Ìlú Ọba

Ẹni tó kọ́ gọ́ọ̀fù ní Ikoyi Club tàbí ní Ìbàdàn kó tó wá sí Ìlú Ọba sábà máa ń rò pé aṣọ ni gbogbo ìṣòro ìgbà òtútù. Aṣọ ṣe pàtàkì, màá dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù tó wọnú ilẹ̀ ló ń ba gọ́ọ̀fù jẹ́ ju èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ. Bí òtútù bá kọjá ààlà, irú èyí tó bo Ìlú Ọba ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 tàbí ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2018, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí, tí orí igi ìgbábọ́ọ̀lù ń gbá, ti di nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹni tí kò bá yí eré rẹ̀ padà, ọrùn-ọwọ́ àti ìgúnpá rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn wo fóònù kí ẹ rí 3°C kí ẹ ní kò ní dì. Ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù wà lókè ilẹ̀, ó lé díẹ̀ ní mítà kan. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere lóru tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, ooru ilẹ̀ á máa bá òfuurufú lọ láìsí ìkuukùu tó máa dá a dúró, koríko á wá tutù ju afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ lọ. Bí ìrì ṣe ń dì sórí green (ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ọ̀pá àsíá wà) nìyẹn nígbà tí fóònù ṣì ń ka 3°C. Bí ìkuukùu bá bolẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, 1°C pàápàá lè má mú ìrì dídì wá. Nítorí náà, ẹ wo ìkuukùu àti atẹ́gùn pọ̀ mọ́ ìwọ̀n òtútù. Ẹ tún rántí pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó máa ń ṣàn lọ sí kòtò: ihò (ìpín pápá kan, láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé green rẹ̀) tó wà ní àfonífojì, tí igi ńlá sì ṣíji bò ní ìhà gúúsù, lè má yọ́ títí di ọ̀sán nígbà tí ihò orí òkè ti rọ̀ láti aago mẹ́wàá.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́jọ fi kọjá díẹ̀, á sì wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí pápá bá dúró de ìrì dídì títí di aago mọ́kànlá, ihò 18 kò ṣeé parí mọ́. Ẹ gba àyè ihò 9, láàárín aago mọ́kànlá sí méjìlá, kí ó tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹni tó gba àyè aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní oṣù Kìíní, tíì ló fẹ́ lọ mu ní clubhouse.

Bí wọ́n bá sì ti green pa, ẹ má bá àwọn tó ń tọ́jú pápá jà. Omi inú ewé koríko ti dì. Bí bàtà bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó dì nínú rẹ̀ á ya ewé náà láti inú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ipa ẹsẹ̀ á hàn lórí green, á pọ́n, á tún dúdú. Koríko kì í sì í hù nínú òtútù tó máa fi bo ojú ọgbẹ́ náà. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìgbà tí ilẹ̀ ń yọ́ ló léwu jù. Sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì òkè á ti rọ̀, abẹ́ rẹ̀ á ṣì le gbagidi, omi kò ní ríbi ṣàn sí. Gbòǹgbò há sínú apá tó dì, apá òkè sì ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Bí gbòǹgbò ṣe ń já nìyẹn. Ìdí rèé tí wọ́n fi lè ti green pa ní ọ̀sán gangan tí oòrùn ń ràn, tí àwọn ènìyàn á máa kùn pé wọ́n ń ṣe àṣejù. Wọn kò ṣe àṣejù.

Irú ilẹ̀ pápá náà ṣe kókó. Pápá tó wà lórí amọ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká, máa ń mu omi yó kó tó dì, á wá rí gbákugbàku. Pápá links etí òkun, bí àwọn ti Kent àti Lancashire, wà lórí iyanrìn. Omi ń tètè jò lọ, ooru òkun sì máa ń dín ìrì dídì kù. Bí òtútù bá fẹ́ pẹ́, ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan sí etí òkun sàn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí green ìgbà díẹ̀ (èyí tí wọ́n ń gé nígbà tí wọ́n bá ti green gidi pa) lọ. Ní St Andrews fúnra rẹ̀, ìlú gọ́ọ̀fù tó lókìkí ní Scotland, wọ́n máa ń lo ẹní kékeré lórí fairway (ojú koríko gbọọrọ tó lọ sí green) pápá Old Course ní ìgbà òtútù kí igi má baà gbẹ́ koríko, nítorí náà kí ojú má tì yín láti gbé tiyín.

(Ẹ̀yin ti Houston ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Bermuda ni koríko yín, ó máa ń sùn bí òtútù bá dé, á di pípọ́n, kò sì ní jí títí ilẹ̀ fi máa móoru. Lẹ́yìn irú òtútù oṣù Kejì ọdún 2021, tó sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 10°C lábẹ́ òdo, ọgbẹ́ tí ẹ bá dá sí i lára á wà níbẹ̀ títí di ìgbà ìrúwé. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yín máa gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún un.)

Ó di orí bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ 0°C fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ki ju afẹ́fẹ́ 30°C tí a mọ̀ ní Èkó lọ, bọ́ọ̀lù sì ní láti la gbogbo rẹ̀ kọjá. Rọ́bà inú bọ́ọ̀lù náà ti le, kì í ta kúrò lójú igi bíi ti ìgbà ooru. Ẹ tún wọ aṣọ mẹ́ta, èjìká kò yí tán mọ́. Ẹni tí iron 7 rẹ̀ (igi olórí irin; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ jìnnà tó) ń gbé bọ́ọ̀lù dé 150 yáàdì ní oṣù Keje, kó mú iron 6 ní 3°C, tàbí iron 5 bí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó gbọ́dọ̀ fò kọjá omi tàbí bunker (kòtò oníyanrìn) ni mo ń sọ o. Bí iwájú green bá ṣí sílẹ̀ tí ilẹ̀ sì dì, òdì kejì ni. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sórí green tó dì á ta bí ẹni pé orí títì ọlọ́dà ló bọ́ sí, inú igbó ẹ̀yìn ni ẹ ó ti bá a. Ẹ jẹ́ kó kan ilẹ̀ ní 20 sí 30 yáàdì ṣáájú green, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ka yáàdì rárá, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ fẹ́ kó ti kan ilẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ibẹ̀ tẹ́jú tàbí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ihò náà bá ń lo green ìgbà díẹ̀, iye tó wà lára káàdì ti di irọ́, nítorí pé iwájú green gidi ni wọ́n sábà máa ń gé e sí. Ọ̀pá àsíá tí ẹ rí ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ̀yin tó ti gbá lórí brown nílé, orí iyanrìn tí wọ́n fi epo pò dípò koríko, ẹ ti mọ eré yìí: bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ ló ń gbani.

Ilẹ̀ tó dì kì í jẹ́ kí orí igi wọlé. Bí ẹ bá sọ igi kalẹ̀ láti gbẹ́ koríko lẹ́yìn bọ́ọ̀lù bí ẹ ti ń ṣe nígbà ooru, ilẹ̀ á dá agbára yẹn padà sí ọrùn-ọwọ́ àti ìgúnpá yín. Ẹ di igi mú ní sẹ̀ǹtímítà méjì sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ sún bọ́ọ̀lù sẹ́yìn díẹ̀, ìdajì ìbú bọ́ọ̀lù kan ti tó. Ẹ gbé igi dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin péré, kí ẹ sì gbá bọ́ọ̀lù kúrò lórí koríko láìkan ilẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní hybrid dára ju iron 4 lọ níbí, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ dípò kó há. Wedge (igi tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè) ìwọ̀n 60 tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ẹ fi sínú àpò: á ta lórí ilẹ̀ líle, etí rẹ̀ á sì ge àárín bọ́ọ̀lù. Ní 15 yáàdì sí green, ẹ fi putter (igi tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù lórí green) yí i, tàbí kí ẹ fi iron 8 tì í bí ẹni ń lo putter.

Bunker tó dì, ẹ má ṣí ojú igi. Iyanrìn tí ẹ fẹ́ kí igi gbà wọlé ti le. Bí etí rẹ̀ kò bá ga, putter. Bí ó bá ga, pitching wedge tí ojú rẹ̀ dúró tààrà, kí igi kan bọ́ọ̀lù kó tó kan ohunkóhun mìíràn. Ní ibi tee náà, níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi orí driver, igi tó gùn jù, ṣe òòlù. Ẹ mú ìṣó gígùn kan tàbí òòlu, irin ṣóńṣó, sínú àpò, ẹ fi lu ihò kí ẹ tó ki tee, igi kékeré tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé, bọ̀ ọ́.

Òfin náà ní tirẹ̀. Lójú òfin, ìrì dídì kì í ṣe loose impediment (ohun àdánidá tí kò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, bí ewé, tí a lè kó kúrò). Ẹ lè nù ún kúrò ní ibi tee. Bí ẹ bá gbá a kúrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù yín lórí green, ìyà ìgbá méjì ni nínú stroke play (ìdíje tí a ti ń ka gbogbo ìgbá). Yìnyín àti omi tó dì fúnra rẹ̀ yàtọ̀: ẹ lè kó wọn kúrò bíi loose impediment, tàbí kí ẹ kà wọ́n sí temporary water (omi ìgbà díẹ̀) kí ẹ gba relief, ìyẹn ni pé kí ẹ gbé bọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀ láìsí ìyà. Preferred lies (àyè láti gbé bọ́ọ̀lù sí ibi tó dára nítòsí), tó sábà máa ń jẹ́ ínṣì mẹ́fà ní Ìlú Ọba, kò sí fún yín àfi bí ẹgbẹ́ bá kọ ọ́ sí ojú pátákó. Èyí tó sì lè lé yín kúrò nínú ìdíje ni Òfin 4.2a: ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tó mọ̀ọ́mọ̀ mú gbóná, ó ti jáde. Àpò tí ẹ bá fi ohun amọ́wọ́gbóná sí, ẹ má fi bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má mú ọwọ́ gbóná. Ẹ tọ́jú bọ́ọ̀lù sínú ilé lóru, kì í ṣe sínú bóòtù ọkọ̀, kí ẹ sì mú aláwọ̀ ìyeyè tàbí ọsàn. Funfun á pòórá nínú ìrì dídì.

Bọ́ọ̀lù kankan kò tó ohun tí èèyàn máa fi gun orí adágún tó dì. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ rí le tó, ẹ má dán an wò.

Aṣọ wá kàn. Kí èyí tó kan ara má jẹ́ òwú, torí òwú á mu òógùn, á sì tutù mọ́ yín lára. Ẹ wọ merino (irun àgùntàn) tàbí polyester tó fún díẹ̀. Lé e lórí, ẹ wọ súwẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí aṣọ tí kò lápá, tó ń dènà atẹ́gùn, kẹ́yìn wọn. Àyà ló ń fẹ́ ooru, apá ń fẹ́ àyè. Ìbọ̀sẹ̀ onírun kan ṣoṣo tó. Méjì á fún ẹsẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọmọ ìka. Ìbọ̀wọ́ ìgbà òtútù méjèèjì ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ fi èyí tó tóbi bò ó bí ẹ bá ń rìn. Ohun amọ́wọ́gbóná inú ọ̀rá jẹ́ etu irin tó ń dípẹtà, afẹ́fẹ́ ló sì ń bá a ṣiṣẹ́: ẹ já a ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ dì í sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, á dákẹ́, ẹ ó sì rí ìyókù rẹ̀ lò lọ́jọ́ kejì. Ògì gbígbóná nínú fíláàsì dára ju wisikí lọ. Ọtí máa ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ara á dà bí ẹni pé ó gbóná, ooru inú rẹ̀ sì ń jáde lọ.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kó má lọ síta ní irú ọjọ́ yìí rárá. Òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì wà lára ohun tó ń dá ìrora àrùn náà sílẹ̀. Ibi ìgbá bọ́ọ̀lù abẹ́ òrùlé tàbí simulator (ẹ̀rọ tó ń fi eré hàn lójú àwòrán) wà fún un. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru náà, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn kíákíá kó tó gbé igi, kó má sì fa tírọ́lì gòkè nínú yìnyín. Bí àyà bá ń fún ènìyàn, ẹ pe 999 níbi tí ẹ dúró sí, ẹ má dúró de clubhouse.

Lẹ́yìn eré, ọwọ́ tó ti kú, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe omi gbígbóná, torí ọwọ́ tí kò mọ nǹkan lára lè bó kí ẹ tó mọ̀. Ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú bàtà, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná tó lè mú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣí. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ibi tí a ti ń di igi mú, kí ẹ nù ún gbẹ. Bátìrì lithium tírọ́lì yín, ẹ gbé e wọlé. Òtútù máa ń dín agbára rẹ̀ kù, ó lè kú ní ihò 14. Ẹ má sì so ó mọ́ iná kó gba agbára nínú gáréèjì tó tutù kọjá òdo, torí lithium inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, bátìrì náà á sì bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí àmì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ilé fún wákàtí bíi mélòó kan kí ẹ tó so ó mọ́ iná.