Although, rağmen àti "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé": ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, fún ẹ̀yin àbúrò mi tó ń lọ sí Tọ́kì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Türkiye Bursları gbà, ẹ kú oríire o. Ẹ ó fi nǹkan bí ọdún kan kọ́ èdè Tọ́kì kí ẹ tó wọ kíláàsì tí ẹ torí rẹ̀ kúrò nílé. Títí dé bí ìdajì ọdún yẹn, nǹkan á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́: ẹ ó lè ra simit (búrẹ́dì tó rí roboto bí òrùka) létí títì, ẹ ó lè bá onítakisí jiyàn owó, ẹ ó lè ṣàlàyé ibi tí ẹ ti wá àti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá kọ "rağmen" sójú pátákó ni kíláàsì á pa rọ́rọ́. Kò sóhun tó le nínú kí èèyàn sọ pé nǹkan kan ló fa òmíràn. Èyí tó le ni kí ẹ sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó dí òmíràn lọ́wọ́, tí kò sì dí i.

Mo tún ń bá ẹ̀yin tí ẹ ń ran àwọn ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ọmọ Tọ́kì lọ́wọ́ láti múra YDS sọ̀rọ̀, ìyẹn ìdánwò èdè tí àjọ ÖSYM ń ṣe. Ìbéèrè 80 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-asopọ̀ wà káàkiri inú wọn: ó wà nínú àlàfo tí wọn ní kí ẹ dí, ó wà nínú gbólóhùn tí wọn ní kí ẹ parí, ó tún wà níbi ìtumọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ although sí despite á kàn máa já máàkì sílẹ̀ ni.

Ohun tí ìwé máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú èèyàn ni tábìlì olójú méjì. Lápá kan: although, even though, despite, in spite of, even if, nevertheless. Lápá kejì: rağmen, karşın, halde, -sa da, -sa bile, yine de. Ẹ má há a sórí. Mo ti rí ẹni tó há a sórí tán tí kò lè so gbólóhùn méjì pọ̀, torí pé kò sí èyí tó bá ẹnì kejì rẹ̀ dọ́gba délẹ̀ nínú wọn. Ìbéèrè méjì péré ló ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àkọ́kọ́ ni pé ṣé nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀, àbí a kàn ń rò ó pé ó lè ṣẹlẹ̀? Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, a lọ": òjò ti rọ̀, aṣọ wa ti rin. "Bí òjò bá tilẹ̀ rọ̀, a ó lọ": ojú ọ̀run ṣì lè mọ́ roro títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Bá" yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Even though ló bá gbólóhùn àkọ́kọ́ mu, even if ló bá ìkejì mu. Lédè Tọ́kì, "Yağmur yağdığı halde gittik" àti "Yağmur yağmasına rağmen gittik" wà fún òjò tó rọ̀, "Yağmur yağsa bile gideriz" wà fún òjò tí a kò tíì rí.

Ibi tó ti ń lọ́ pọ̀ ni "-sa da". "Yorgun olsa da geldi": ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ó sì wá. "Yorgun olsa da gelir": bó bá tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́, á wá. Àfòmọ́ kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níparí ló ń jẹ́ ká mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Abájọ tí àwọn ọ̀rẹ́ wa níbẹ̀ fi ń kọ even if síbi tó yẹ kí even though wà. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má fi òfin gírámà dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n yọ "-sa da" kúrò nínú gbólóhùn Tọ́kì wọn, kí wọ́n fi "-diği halde" sípò rẹ̀. Bí ìtumọ̀ kò bá yí padà, even though ni. Bó bá yí padà, even if ni. Mi ò tíì rí àlàyé tó tètè yé wọn ju èyí lọ.

Ìbéèrè kejì: ṣé odidi gbólóhùn ló tẹ̀lé ọ̀rọ̀-asopọ̀ náà, àbí ọ̀rọ̀-orúkọ? Although ń fẹ́ olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe: "although it rained". Despite ń fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "despite the rain", tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti gbé -ing wọ̀. Despite kì í gba of o, in spite ló ni of. Ẹ wá wo ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ Tọ́kì ń rí. Rağmen tirẹ̀ ń gba méjèèjì: "yağmura rağmen" bó bá jẹ́ òjò lásán, "yağmur yağmasına rağmen" bó bá jẹ́ pé òjò rọ̀. Lójú rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n, ló bá kọ "despite it rained" láìfura. Kò fura pé èdè rẹ̀ ti sọ gbólóhùn yẹn di ọ̀rọ̀-orúkọ kí rağmen tó fọwọ́ kàn án.

Àwa náà ní tiwa. "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé" wa fẹ́ràn kí "síbẹ̀" máa tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé wa fi ń kọ "Although it was raining, but we went" láti ilé ìwé girama títí dé yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á. Bí although bá ti wọlé, kí but jáde. Bí ẹnu yín bá ṣì ń yún yín láti fi nǹkan kan sáàárín, still lè dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi gègé pupa fa ìlà sí i. Èdè Tọ́kì tiẹ̀ sún mọ́ wa níbí: "Her ne kadar yorgunsam da yine de gelirim", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ mí, síbẹ̀ màá wá. Yine de yẹn ni síbẹ̀ wa gan-an. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún her ne kadar. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, dandan ni kí "-sa da" tàbí "ise de" bá a parí ẹ̀. Ẹ ó gbọ́ "Her ne kadar yorgunum ama gelirim" (ama ni àmọ́ wọn) lẹ́nu àwọn onílé gan-an. Àwọn olùkọ́ wọn ń pè é ní anlatım bozukluğu, ìyẹn gbólóhùn tó lábùkù, wọ́n sì máa ń gbé irú rẹ̀ wá nínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀kan palẹ̀ dáadáa, torí ibí ni iṣẹ́ wà. "Gelmesine rağmen". Gel ni wá. Gelme ni wíwá. Gelmesi ni wíwá rẹ̀. "n" tó tẹ̀lé e kàn wà níbẹ̀ láti so ó mọ́ àfòmọ́ tó kù ni, "e" ìparí sì ni rağmen fúnra rẹ̀ ń béèrè, kò lè dúró láìsí i. Bí ẹni tó wá bá yí padà, àárín ọ̀rọ̀ náà á yí: gelmene fún ìwọ, gelmemize fún àwa, gelmenize fún ẹ̀yin. Bó bá jẹ́ èmi, gelmeme ni. Àyà máa ń já ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, torí me lédè Tọ́kì náà ni wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Ká sòótọ́, "gelmeme rağmen" túmọ̀ sí bí mo tilẹ̀ wá. Bí n kò tilẹ̀ wá ni "gelmememe rağmen". Me mẹ́ta tò tẹ̀léra, kò sì sí èyí tó ṣeé yọ dànù: ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀, ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀kan ní èmi ni.

Nínú ìwé, ẹ lè fi ìka kà wọ́n. Tó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ fi etí Yorùbá yín ṣiṣẹ́. Me tó ń kọ̀ máa ń ti ohùn sórí sílébù tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà "gel" ló máa ń ga nínú gelmemesine. Nínú gelmesine, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń ga. Ẹni tó ti ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ láti kékeré kò yẹ kó pàdánù èyí. Bí gel bá ti ga létí yín, ẹ ti mọ̀ pé onítọ̀hún kò wá kí ẹ tó ka iye me tó tẹ̀lé e.

Halde yàtọ̀ sí rağmen níbi olùwà. "Ali hasta olduğu halde onu çağırdılar", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ali ń ṣàìsàn, wọ́n pè é: Ali dúró gedegbe, kò sí ohunkóhun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ rağmen, "Ali'nin hasta olmasına rağmen onu çağırdılar", -nin gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ Ali, torí pé Ali tó ń ṣàìsàn kọ́ ló pe ara rẹ̀, àwọn mìíràn ló pè é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Ali kan náà ló ń ṣàìsàn tó sì lọ síbi iṣẹ́, "Ali hasta olmasına rağmen işe gitti" ni, -nin á fò lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ló pẹ́ jù kó tó wọ̀ mí lára. Ẹ sì má rò pé gbogbo halde ni bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé. "Elinde çanta olduğu halde içeri girdi" kàn ń sọ pé ó wọlé tòun ti báàgì lọ́wọ́ ni. Nínú ìtàn àròsọ àtijọ́ ni ẹ ó ti máa pàdé èyí.

Ẹ ti rí i báyìí pé ìparí awẹ́-gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń dúró sí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, although á ti kìlọ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Tọ́kì, olùkọ́ yunifásítì lè rojọ́ ọrọ̀ ajé kan fún ìlà mẹ́ta, kó tó wá fi rağmen tì í, kí ẹ tó mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ gan-an. Ẹ má tètè kọ nǹkan sínú ìwé. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀kan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn notwithstanding: "the rain notwithstanding". Mo máa ń fi í han àwọn ọmọ Tọ́kì, inú wọn a sì máa dùn bí ẹni rí ará ilé lájò.

Níbi ìtumọ̀ nínú YDS, ẹ fi èyí pamọ́ sọ́wọ́: ọ̀rọ̀-ìṣe olórí awẹ́-gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́dọ̀ parí gbólóhùn Tọ́kì. "The company continued to grow although its sales fell." Continued ni olórí. Nínú ìdáhùn márùn-ún, èyí tí kò bá fi "devam etti" tàbí irú rẹ̀ parí, ẹ fa igi lé e. Ó sábà máa ń ku méjì, ẹ lè wá fara balẹ̀ ka méjèèjì. Ẹ ṣọ́ "Young as he was" náà: kì í ṣe àfiwé rárá, "genç olmasına rağmen" ni.

Bí ẹ bá dé orí kíkọ àpilẹ̀kọ yunifásítì, "olmakla birlikte" ni kí ẹ mú. "Bu görüş doğru olmakla birlikte eksiktir": èrò yìí tọ́, àmọ́ kò pé. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, ó ń yẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ ta kò sí kí ẹ tó ta kò ó. Karşın àti rağmen kò yàtọ̀ ní ìtumọ̀. Lárúbáwá ni rağmen ti wá. Karşın wá láti inú akitiyan àwọn tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Tọ́kì pọ́nńbélé rọ́pò ọ̀rọ̀ àjèjì, iṣẹ́ tí wọ́n dá Türk Dil Kurumu, àjọ tó ń mójú tó èdè Tọ́kì, sílẹ̀ fún ní 1932. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó wù wọ́n. Ẹ̀yin ẹ lo rağmen, ojoojúmọ́ lẹ ó máa gbọ́ ọ. Láti Lárúbáwá náà ni "ama" ti wá, ìyẹn lọmọ Kano tó bá wà ní kíláàsì yín fi máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, amma inú Hausa rẹ̀ ni.

Lójú pópó, ẹ ò ní gbọ́ olmakla birlikte. Ẹ ó gbọ́ "Yorgunum. Gelirim ama", ama á wá sẹ́yìn, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi though parí ọ̀rọ̀. Ẹ ó gbọ́ gerçi lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán tó wá fẹ́ dín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kù. Ẹ ó gbọ́ "ne olursa olsun" níbi tí a ti ń sọ pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ní ilé tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín jìnnà, tí aláàjẹ́ńtì bá dáhùn pé "olsun" (kó rí bẹ́ẹ̀), ó gbà pé ó jìnnà, kò sì kàn án.

Ó ku èyí tí àwọn onílé fúnra wọn ń jà lé lórí. "Da" àti "de" inú "-sa da" (bí "olsa da" àti "gelse de") dá dúró, wọn kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, wọn kì í sì í di "ta" tàbí "te". "Evde", nínú ilé, ni de ti ń lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Tọ́kì ló ń kọ ọ́ pọ̀ nínú fóònù wọn, àwọn mìíràn a sì bú wọn fún un. Bí ẹ bá fi àlàfo sí i nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ sí ọ́fíìsì yunifásítì, wọn á tún orúkọ yín kà lẹ́ẹ̀kejì.