Wọ́n ń kùn ún lójú, ó sùn lọ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́

Kathakali ni mo wò láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, eré oníjó àwọn ará Kerala, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Mo ti rí ijó yẹn tẹ́lẹ̀. Ti òní yàtọ̀, torí fídíò náà bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tí wọ́n ti ń múra.

Òṣèré fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà ojú àti ìpéǹpéjú, ó wá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní chutti jókòó síbi orí rẹ̀. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n pò ló ń tò sí etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé àgbọ̀n, ó sì ń fi bébà tí wọ́n gé gbé e dúró, títí funfun yẹn fi yí ojú ká. Wákàtí mélòó kan ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Ẹni tí wọ́n ń kùn ò gbọdọ̀ mira, kò gbọdọ̀ lanu, nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn máa ń sùn. Ti òní sùn lóòótọ́. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń kùn ún ò sì yẹ̀ rárá.

Àwọ̀ ló ń sọ irú èèyàn tẹ́nì kan jẹ́. Àwọ̀ ewé, pacha, wà fún àwọn ọba àti akọni tí ìwà wọn dára, bíi Nala, ọba kan nínú ìtàn àtijọ́ Íńdíà. Ravana agbéraga, ọba ẹ̀mí èṣù inú ìtàn Ramayana, ń lo kathi, ìyẹn ọ̀bẹ. Àwọ̀ ewé ni tirẹ̀ náà, torí ọmọ ọba ni, àmọ́ wọ́n á fi pupa ya ohun tó dà bí ọ̀bẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì lẹ nǹkan róbótó funfun mọ́ ṣóńṣó imú. Èyí wú mi lórí gan-an. Wọn ò torí pé ó burú kí wọ́n gba ohun tí wọ́n bí i sí lára rẹ̀.

Kí òṣèré tó jáde, wọ́n á ki hóró tíńtín kan bọ abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, láti ara òdòdó ewéko kan tó jẹ́ ìbátan ikàn. Ojú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú tó lè sọ̀rọ̀.

Torí pé kò ní sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá ṣe kathi lè bú ramúramù, ó tán. Àwọn akọrin méjì tó dúró lẹ́yìn ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórin, ìlù chenda àti maddalam ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á kọ ìlà kan, wọ́n á tún un kọ títí, kí òṣèré fi ọwọ́ tú u palẹ̀. Àmì ọwọ́ 24 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, èèyàn púpọ̀ ló ń para pọ̀ di ẹni kan lójú agbo. Ní Kerala Kalamandalam, ilé ẹ̀kọ́ tí akéwì Vallathol Narayana Menon àti Mukunda Raja dá sílẹ̀ ní 1930, wọ́n ń kọ́ orin lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, chutti lọ́tọ̀. Ọdún gbọọrọ ni ẹni tó ń kùn ojú fi ń kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, orúkọ òṣèré nìkan ni wọ́n kọ sábẹ́ fídíò tí mo wò, ó sì dùn mí. Ẹni tó mọ ojú náà láti orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé àgbọ̀n, wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Tí iná bá wà lọ́la, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníjó Kathakali ìlú Tripunithura ní Kerala, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ni mo fẹ́ wá wò. Ọkùnrin ló máa ń ṣe obìnrin nínú eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ rí bí obìnrin ṣe ń bú ramúramù bíi Ravana.