Ó ti tàn!

Lálẹ́ àná, àpótí géèmù Pac-Man tí mo ti ń tún ṣe láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tàn! Ọdún 1980 ni géèmù yìí jáde. Pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, mo gé tuntun sí i. Ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ inú rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù: bí ẹ tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná, iná tó lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀ ṣì lè wà nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fa iná yẹn tán kí n tó pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ (ẹ̀yà kéékèèké tó ń tọ́jú iná pamọ́) tó ti wú. Àwòrán tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ wá dúró digbí. Mo ti ọ̀pá ìdarí sí òsì, Pac-Man, ọmọ roboto aláwọ̀ ìyeyè inú géèmù náà, yà sósì lójú ẹsẹ̀. Igbe ayọ̀ tí mo ké jí gbogbo ilé!