Láti Yábàá dé Kakawa: Àpótí Tí Ẹnìkan Ní Òun Ti Rí

Iyèméjì ló gbé mi sọdá sí Erékùṣù Èkó ní ọjọ́ Sátidé náà. Nínú ẹgbẹ́ kékeré tí a fi ń wá ohun ìpamọ́ kiri ìlú yìí, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti pẹ́ nídìí eré náà gbé àpótí kan pamọ́, ó sì fi àdììtú ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wa fi kéde pé òun ti tú u, pé abẹ́ òkúta kan ní gbàgede Tinúbú ni àpótí náà wà, ṣùgbọ́n pé òun kò ní fi ọ̀nà tí òun gbà tú u han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn rárá, nítorí òfin wa ni pé ẹni tó fi nǹkan pamọ́ kì í sọ̀rọ̀ títí ẹnìkan yóò fi mú nọ́ńbà tó wà nínú àpótí wá. Bí ẹgbẹ́ ṣe pín sí méjì nìyẹn: àwọn kan ń kí arákùnrin náà kú oríire, àwọn yòókù ń béèrè nọ́ńbà.

Èmi wà lára àwọn tó ń béèrè, kì í sì í ṣe ìlara. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Kit Williams ri ehoro oníwúrà mọ́lẹ̀ ní 1979, ó sì fi àwòrán inú ìwé kan ṣe atọ́nà fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá a. Ní 1982, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ken Thomas gba ehoro náà. Ọdún 1988 ni ìwé ìròyìn Sunday Times tó tú u fó pé orúkọ náà kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an, àti pé alábàáṣòwò rẹ̀ ń bá obìnrin kan gbé tó ti jẹ́ olólùfẹ́ Williams tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà kò tú àdììtú yẹn rárá. Àwọn tó ti fi ọdún wọn wá ehoro náà tọkàntọkàn ni ó dùn jù, ìyẹn ni mi ò sì ṣe gbà pé ìwà àìlọ́wọ̀ ni kí a ní kí ẹni tó ní òun ti rí nǹkan fi ẹ̀rí hàn.

Àǹtí wa kan bá mi wọ danfó tó ń lọ sí CMS láti Yábàá. Lórí afárá Third Mainland ni mo ti ṣí ìwé mi, tí mo sì fi ìlà àkọ́kọ́ hàn wọ́n. Eré wa yìí jẹ́ ọmọ èyí tí Dave Ulmer bẹ̀rẹ̀ ní Oregon ní Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí GPS àwọn ará ìlú máa tọ́ka síbi tó péye. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi ROT13 bo àlàyé wọn, ìyẹn ni pé wọ́n á sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ìgbà mẹ́tàlá. Nínú lẹ́tà 26 ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí o bá tún sún un ní mẹ́tàlá sí i, o ti padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà 25 ni tiwa, pẹ̀lú GB àti àwọn tó ní àmì lábẹ́, nítorí náà méjìlá ni a óò tún sún un síwájú kí ó lè padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. UAỌ ni ẹ̀gbọ́n kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà; ẹni tó bá tún sún un síwájú ní mẹ́tàlá yóò rí JMẸ, ẹni tó bá sì sún un síwájú ní méjìlá yóò rí ILE. Mo gbà pé ọ̀nà ti Gẹ̀ẹ́sì ni arákùnrin wa gbà, pé nígbà tí kò rí ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, ó tú lẹ́tà náà ká, ó sì ń tò ó títí Tinúbú fi jáde. Bí a bá gba irú ìtò bẹ́ẹ̀ láyè, kò sí àdúgbò kan ní Èkó tí kò lè jáde.

Ohun tí àwa rí nínú ìlà méjì àkọ́kọ́ ni: «Ilé tí wọ́n wó kò gba àlejò. Tọ omi lọ.»

Ìlà kẹta kò ní lẹ́tà. Àwòrán owó ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú síra ni.

Ní Tinúbú, a dúró níbi tí Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ó ṣì ń dùn mí. Bí a ṣe ń wò yí ká, bàbá kan tó jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù béèrè pé, «Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ sọ nù síbẹ̀?»

Àǹtí fẹ́ sọ pé a ń wọn ilẹ̀ ni, nítorí ìgbàgbọ́ tiwọn ni pé ará ìta kò gbọdọ̀ gbọ́ sí i. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn. Ní Èkó, ẹni tó ń yọ́ rìn lẹ́bàá ògiri láìsọ ohun tó ń wá ń fa ìfura sí ara rẹ̀ ni. Mo ní, «Ẹ káàsán sà. Àdììtú kan la ń tú, bàbá, ẹnìkan ló gbé nǹkan pamọ́ fún wa.»

«Hẹn, ẹ má yẹ òkúta wò o. Ọmọkùnrin kan ti wá ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òfo ló bá lọ.»

A dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, a sì gba Broad Street lọ sí Kakawa, níbi tí Water House ti ìdílé da Rocha wà, ilé tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó láyé àtijọ́. Ní òdìkejì ọ̀nà ni ìyá kan ti ń ta omi inú ọ̀rá. Mo kí wọn kú ọjà, mo sì nawọ́ owó ẹyọ méjì tí mo rà ní ìsọ̀ lékuléja kan ní Òyìngbò sí wọn, tí mo ti fi òwú so pọ̀ lójúkojú. Nínú àrokò àwọn baba wa, owó ẹyọ tó kọjú síra jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, èyí tó kẹ̀yìn síra jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà. Ìyá yẹ òwú náà wò dáadáa, wọ́n béèrè ẹni tó rán wa, lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àpótí jáde lẹ́yìn kúlà wọn. Ẹ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni tí kò bá mú un wá bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ mẹ́nu ba orúkọ òun.

Ohun tí mo yìn jù nínú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n nìyí. Ní Amẹ́ríkà, Byron Preiss ri àpótí 12 mọ́lẹ̀ kí ìwé àdììtú rẹ̀ tó jáde ní 1982, ó sì kú ní 2005 láìfi ibi tí wọ́n wà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mẹ́ta péré ni wọ́n ti rí: ní Chicago, ní Cleveland àti ní Boston. Àwọn tó ń wá ìyókù ń ka ara wọn sí òpùrọ́, kò sì sí ẹni tó lè là wọ́n. Ti ẹ̀gbọ́n wa jẹ́ àṣírí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ní olùtọ́jú tó wà láàyè, tó sì mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Mo kọ orúkọ wa sínú ìwé kékeré inú àpótí, mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n nìkan, ìyá sì dá àpótí padà síbi tó wà. Kí a tó dé CMS ni ẹ̀gbọ́n ti jẹ́rìí sí i fún gbogbo ẹgbẹ́, láìdárúkọ àdúgbò. Arákùnrin wa kò gbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n lè ti sọ ọ́ sí wa létí, ó sì ní kí n fi àwòrán ibẹ̀ hàn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi àwòrán ránṣẹ́, nítorí àwọn mìíràn ṣì ń wá a. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹ̀gbọ́n, mo kọ lẹ́tà 25 náà sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ, mo sì sọ fún un pé méjìlá ni kó sún un síwájú.