Oúnjẹ ni wọ́n ń lé, kì í ṣe ọkọ̀ ogun

Tí wọ́n bá ti dárúkọ ọkọ̀ abẹ́ omi nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ìtàn U-9, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, ni gbogbo èèyàn máa ń sáré sọ, mi ò dẹ̀ bá wọn jà. 22 September 1914, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Aboukir, Hogue àti Cressy, ń lọ jẹ́jẹ́ lórí Òkun Àríwá, Otto Weddigen tó ń darí U-9 bá yin tọ́pídò, bọ́ǹbù tó ń sáré gba inú omi, lu Aboukir. Àwọn méjì tó kù rò pé bọ́ǹbù tí wọ́n dẹ sínú omi ni, wọ́n dúró kí wọ́n lè fa àwọn èèyàn wọn yọ, ló bá kan Hogue, ó tún kan Cressy. Kò tó wákàtí méjì tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi rì, èèyàn tó lé ní 1,400 bómi lọ.

Ó dáa, àmọ́ lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ ni. Orí omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ń gbà wá. Àwọn náà ti dínà òkun mọ́ Jámánì látìbẹ̀rẹ̀ ogun, débi pé nígbà òtútù 1916 sí 1917, tọ́níìpù tí wọ́n máa ń kó fún ẹran ọ̀sìn làwọn ará Jámánì ń sè jẹ. Jámánì ní kò burú, ẹ̀yin náà ẹ máa tọ́ ọ wò, wọ́n ní kí ọkọ̀ abẹ́ omi wọn máa ri ọkọ̀ oníṣòwò tó ń kó ẹrù lọ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tó ti dojú rú rèé. Òfin ìgbà yẹn ni pé kóo tó ri ọkọ̀ oníṣòwò, wàá dá a dúró, wàá yẹ inú ẹ̀ wò, wàá rí i pé ewu ò wu àwọn tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi wo ló fẹ́ ráyè ìyẹn? Inú ẹ̀ há gádígádí, kò síbi tí wọ́n fẹ́ kó àlejò sí. Ẹ́ńjìnnì ló fi ń rìn lórí omi, tó bá wọlẹ̀ bátìrì ló kù, bátìrì ọ̀hún ò dẹ̀ pẹ́ẹ́ kú, tí omi òkun bá wá ráyè kàn án, gáàsì chlorine á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kálukú á máa wúkọ́ kíkú. Tọ́pídò tí wọ́n ń gbé ò tó nǹkan, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń jáde wá fi ìbọn ńlá orí ẹ̀ ri ọkọ̀ tí ò lágbára. Gẹ̀ẹ́sì ṣàkíyèsí èyí, wọ́n bá fi ìbọn pamọ́ sínú ọkọ̀ tó jọ ti oníṣòwò lásán, tí ará Jámánì bá ti sún mọ́ ọn, wọ́n á ṣí ìbọn sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Ta ló tún máa jáde wá kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyẹn?

Àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀dọ̀ wa gan-an ò yọ sílẹ̀. Falaba ti iléeṣẹ́ Elder Dempster ń ti Liverpool bọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 28 March 1915, U-28 dá a dúró, ó fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ èèyàn ṣì kún orí ẹ̀ nígbà tí tọ́pídò bà á, àwọn tó kú lé ní 100. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń lọ Gold Coast, Leon Thrasher, wà lára wọn, ariwo tó dá sílẹ̀ ní Washington ò tíì rọlẹ̀ tí Lusitania fi rì ní 7 May pẹ̀lú bíi 1,200 èèyàn. Ní November 1917 ó kan Apapa (ẹ̀n, Àpápá Èkó yìí náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ), ó rì nítòsí Wales nígbà tó ń lọ sí Liverpool, ẹni 77 bá a lọ.

Lẹ́yìn ariwo Amẹ́ríkà, Jámánì fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀gágun ojú omi kan, Henning von Holtzendorff, wá jókòó ṣírò: tá a bá ń ri ọkọ̀ tó tó 600,000 tọ́ọ̀nù lóṣù, tó bá máa fi di oṣù márùn-ún Gẹ̀ẹ́sì á túúbá, Amẹ́ríkà ò ní í tíì dé. 1 February 1917 wọ́n tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kò sí ìkìlọ̀ mọ́. Ní April nìkan ọkọ̀ tí wọ́n ri lé ní 850,000 tọ́ọ̀nù! Àmọ́ oṣù yẹn náà ni Amẹ́ríkà wọ ogun.

Oògùn ẹ̀ ò ṣòro, kí àwọn ọkọ̀ máa kọ́wọ̀ọ́ rìn kí ọkọ̀ ogun máa ṣọ́ wọn, àwọn ọ̀gá néfì Gẹ̀ẹ́sì ló ń ta kú. Wọ́n ní ọkọ̀ 2,500 ló ń wọlé lọ́sẹ̀ kan, 2,500 míì ń jáde, níbo la ti fẹ́ rí ẹ̀ṣọ́? Ọ̀gá kan, Reginald Henderson, ló lọ yẹ ìwé wò tó rí i pé àti ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ etí òkun ni wọ́n kà mọ́ ọn o, àwọn tó ń la òkun ńlá wọlé ò ju 120 sí 140 lọ lọ́sẹ̀! Ní May wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohun tó dẹ̀ dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ìjà ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Òkun fẹ̀ débi pé ogún ọkọ̀ tó ṣù jọ ò rọrùn láti rí ju ẹyọ kan lọ, torí náà àwọn ará Jámánì á lúgọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìrí nǹkan kan, tí wọ́n bá wá rí i, gbogbo ọkọ̀ ọ̀hún á ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó ki tọ́pídò míì ó ti kọjá, ọkọ̀ ogun á dẹ̀ máa ju bọ́ǹbù lé wọn lórí.

Ní 1919 ìwé àdéhùn Versailles ní Jámánì ò gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ abẹ́ omi kankan mọ́. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀dọ́ ọ̀gá kan ní October 1918 níbi tó ti ń kọlu irú ọ̀wọ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Mẹditaréníà, Karl Dönitz lorúkọ ẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ó lọ ilé, nígbà tí ogun kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939 òun ni olórí gbogbo ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, lọ́tẹ̀ yìí àwọn tiẹ̀ náà ti ń kọ́wọ̀ọ́ rìn.