Ẹ bá mi dúpẹ́, yìnyín April 1997 ò pa wá

Ẹ yin Olúwa o! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé orúkọ Ọlọ́run ga fún nǹkan tó ṣe nínú ilé mi ní Worcester, ní Massachusetts, lọ́dún 1997.

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún yẹn, March 30, oòrùn ràn dáadáa, léèsì lásán la wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ti palẹ̀ gbogbo káòtù òtútù mọ́ sínú àpótí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, màmá ọkọ mi sì ti Ìbàdàn wá bá mi wẹ ọmọ. Rédíò ń pariwo pé sínóò ń bọ̀, àwọn kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi ní April Fool ni wọ́n fẹ́ fi wá ṣe. Lọ́jọ́ Monday òjò ló kọ́kọ́ rọ̀, ó ṣe díẹ̀ ó di yìnyín sínóò náà, èyí tó ki tó sì wúwo yẹn. Ọkọ mi ti lọ síṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kó tó burú, àwọn tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ò wá rọ́nà dé ibẹ̀, òun náà ò sì lè fi àwọn arúgbó sílẹ̀ kó máa bọ̀ nílé.

Lóru, ẹ gbọ́, àrá sán! Nínú yìnyín! Màmá dìde jókòó, wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé Ṣàngó ń bẹ ní Amẹ́ríkà náà ni?” Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín àbí kí n sunkún. Ẹ̀ka igi ń ya lóde, ó ń dún gbàmù bí ìbọn, ó ń já lu wáyà iná, àfi pàù, iná lọ. Ẹni tó bá ń gbé ibí mọ̀, hítà tó ń lo epo náà, iná mànàmáná ló ń tì í ṣiṣẹ́, tí iná bá ti lọ, ó parí nìyẹn.

Màmá bọ́ búbà wọn, wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ ku páńpásì, wọ́n gbé e lé àyà wọn, wọ́n fi ìró àti bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ara wọn pọ̀, wọ́n ń ki ọmọ náà ṣáá títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọwọ́ ọmọ gbóná. Ọwọ́ tèmi ló tutù.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn iwájú ò ṣí mọ́. Màmá ní ká kúkú dáná èédú sínú ilé, gíríìlì tá a fi ń sun ẹran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ òrùlé, wọ́n wọ́ ọ wọ pálọ̀, wọ́n da èédú sí i, ìṣáná ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni Ọlọ́run mi ti wọlé o, torí àsìkò yẹn gan-an lẹnì kan ń gbá fèrèsé ẹ̀yìn. Bàbá òyìnbó tó múlé tì wá ni, tí kì í sọ̀rọ̀ kọjá “hello” látọjọ́ tá a ti débẹ̀! Bàbá àgbàlagbà yẹn ti fi ṣọ́bìrì lànà láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wá sí tiwa. Bó ṣe rí èédú, ó figbe ta. Ó ní carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín ẹ̀, ò ní òórùn, kò ṣeé fojú rí, orí oorun ló máa ń pa èèyàn sí. Ilé tá a ti dì pa torí òtútù!

Ó kó wa lọ sílé ẹ̀, wọ́n ní sítóòfù onígi tí ọ̀pá èéfín ẹ̀ gba òrùlé jáde. Ìyàwó ẹ̀ fún wa lọ́bẹ̀. Màmá ní kò láta rárá, ṣùgbọ́n wọ́n là á tán.

Wednesday ni ọkọ mi fẹsẹ̀ rìn dé, ó bá ilé òfìfo, ó fẹ́ẹ̀ ya wèrè kí Màmá tó yọjú láti òdìkejì pè é lórúkọ. Wọ́n ní yìnyín ínṣì 33 ló bọ́ sí Worcester, ti Boston jẹ́ 25.4. Torí April sì ni, kò pẹ́ tó fi yọ́ dànù.

Màmá ti lọ sinmi, bàbá yẹn náà ti lọ. Ọmọ tí wọ́n gbé sáyà yẹn ti bí tiẹ̀ báyìí o, ọkùnrin làǹtì lanti, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Sunday tó ń bọ̀ la máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wá bá wa jó, jọ̀lọ́ọ̀fù máa wà, ata á sì wà níbẹ̀ dáadáa.